Ìhó Lórí Òkun: Ohun Tí Disney Yọ Kúrò Nínú Ìtàn Ọmọbìnrin Inú Òkun

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀bẹ yìí kò sí nínú fíìmù. Ẹ lè wo The Little Mermaid ti Disney, kátúùnù tó jáde lọ́dún 1989, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kẹ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ ò ní rí i. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí wọ́n ti yọ fíìmù náà, èyí tí Hans Christian Andersen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmárkì, tẹ̀ jáde ní Copenhagen ní oṣù kẹrin ọdún 1837, orí ọ̀bẹ náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Òru ni. Ọkọ̀ ojú omi ń rọra lọ. Ọmọ ọba ti gbéyàwó lọ́jọ́ yẹn, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti sùn lọ nínú àgọ́ tí wọ́n pa fún wọn lórí ọkọ̀. Ọmọbìnrin inú òkun dúró tì wọ́n, ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Tó bá fi gún ọmọ ọba láyà, tí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ta sí i lẹ́sẹ̀, ìrù ẹja rẹ̀ á padà hù, á sì padà lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun. Tí kò bá gún un, bí oòrùn bá ti yọ báyìí, òun ló máa kú.

Báwo ni ọmọ tí gbogbo wa mọ̀ sí Ariel ṣe dé ìdí ọ̀bẹ? Kí ló dé tí ọ̀bẹ náà fi pòórá? Ohun tá a fẹ́ wádìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìtàn náà bí Andersen ṣe kọ ọ́, torí pé ọ̀pọ̀ wa ló rò pé a mọ̀ ọ́n, fíìmù la mọ̀.

Ọba kan wà nínú òkun tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ló ń bá a tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, obìnrin mẹ́fà. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n á tó gbà á láyè kó gòkè lọ wo ayé. Àbíkẹ́yìn ló dúró pẹ́ jù. Ọjọ́ tó kàn án, ìyá àgbà fi òdòdó funfun ṣe adé sí i lórí, ó sì ní kí ìkarahun ńláńlá mẹ́jọ há mọ́ ìrù rẹ̀, kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé ọmọ ọba ni. Ọmọ náà figbe ta pé ó ń dun òun. Ìyá àgbà dá a lóhùn pé ẹni tó bá fẹ́ ṣoge á jẹ ìyà díẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí wọ́n ti di irun fún débi tí ẹ ò lè sùn lálẹ́, ẹ mọ ohun tí ìyá àgbà ń sọ.

Ó gòkè, ó rí ọmọ ọba kan nínú ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlógún ló pé. Ìjì dé, ọkọ̀ fọ́, ọmọbìnrin náà gbé e jáde kúrò nínú omi, ó tẹ́ ẹ sí etíkun, ó wá lọ sá pamọ́. Ọmọbìnrin mìíràn ló jáde láti ilé ìsìn kan tó wà nítòsí, ó rí ọmọ ọba nílẹ̀, ó sì ké sí àwọn èèyàn. Nígbà tí ọmọ ọba lajú, ẹni yẹn ló rẹ́rìn-ín sí. Ẹni tó gbà á là wà nínú omi, ó ń wò ó.

Títí dé ibí yìí, fíìmù àti ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni ìbéèrè kan tí ọmọ náà bi ìyá àgbà: ṣé àwọn èèyàn, tí wọn ò bá rì sómi, kì í kú ni? Ìyá àgbà ní wọ́n ń kú, kódà ọjọ́ ayé wọn kéré sí tàwa. Àwa lè lo ọdún 300. Ṣùgbọ́n tó bá ti parí fún wa, a di ìhó lójú omi, bí ìhó ọṣẹ, kò sí sàréè, kò sí ohunkóhun mọ́. Àwọn èèyàn ní tiwọn ní ọkàn tí kì í kú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí ọmọ inú òkun lè gbà ní irú rẹ̀: kí èèyàn kan fẹ́ràn rẹ̀ ju bàbá àti ìyá tó bí i lọ, kí àlùfáà sì so ọwọ́ wọn pọ̀. Nígbà náà ni díẹ̀ nínú ọkàn ẹni yẹn á ṣàn wọ inú rẹ̀, ti ẹni yẹn ò sì ní dín.

Ẹ dúró síbí díẹ̀. Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ló gbé ọmọ yìí kúrò nílé. Ẹ̀rù ń bà á pé òun máa parẹ́ bí ẹni pé òun ò wáyé rí. Ó fẹ́ràn ọmọ ọba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ ohun kan tí ikú ò lè mú. Nínú fíìmù, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn àìkú yìí rárá. Ariel fẹ́ ẹsẹ̀, ó fẹ́ rìn, ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pe fọ́ọ̀kì. Ká sọ ọ́ bí àwa ṣe ń sọ ọ́ báyìí, Ariel fẹ́ jápa.

Ọmọbìnrin inú ìwé lọ bá àjẹ́ inú òkun. Àjẹ́ yìí yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á, torí pé kò purọ́ fún un rárá. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìwà òmùgọ̀ lo fẹ́ hù yìí. Wàá ní ẹsẹ̀, wàá rìn ju gbogbo aráyé lọ, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan á dà bí ìgbà tó o ń tẹ ojú ọ̀bẹ. O ò ní lè padà sílé mọ́. Tí ọmọ ọba bá fẹ́ ẹlòmíràn, lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, àyà rẹ á fọ́, o sì di ìhó. Ọmọ náà ní òun gbà. Àjẹ́ ní owó iṣẹ́ òun ńkọ́? Ohùn rẹ ni. Ó sì gé ahọ́n rẹ̀. Nínú fíìmù, ohùn ń tàn yòò, ó ń fò wọ inú ìkarahun. Nínú ìwé, ọ̀bẹ ni.

Ó dé ààfin. Ọmọ ọba fẹ́ràn rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ọmọ tó rí he. Ó ń pè é bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó jẹ́ kó máa sùn síta lẹ́nu ọ̀nà yàrá òun, lórí tìmùtìmù. Ó rán aṣọ ọkùnrin fún un kó lè máa bá òun gẹṣin káàkiri. Tí wọ́n bá gun òkè, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde lẹ́sẹ̀ ọmọbìnrin náà, á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọba tún ń sọ fún un, láì mọ ohun tó ń ṣe, pé ọmọbìnrin kan ló gba òun là létíkun, ẹni yẹn nìkan lòun lè fẹ́ láyé. Ẹni tó gbà á là jókòó níwájú rẹ̀, kò ní ahọ́n tó fi lè sọ pé èmi ni.

Àwọn òbí ọmọ ọba rán an lọ wo ọmọbìnrin ọba ìlú kejì. Ó débẹ̀, ó rí i: ọmọbìnrin etíkun yẹn gan-an ni! Ilé ìsìn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ nígbà yẹn. Wọ́n ṣègbéyàwó lójú ẹsẹ̀. Lálẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin wa gòkè láti inú omi, orí gbogbo wọn ti di kolobo. Wọ́n ti gé irun wọn fún àjẹ́, wọ́n fi gba ọ̀bẹ yẹn bọ̀ fún un.

Ó wọ àgọ́. Ọmọ ọba ń sùn, ó ń dárúkọ ìyàwó rẹ̀ lójú oorun. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà gbọ̀n. Ó ju ọ̀bẹ sínú òkun, ojú omi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ níbi tó bọ́ sí. Ó fò sínú omi, ara rẹ̀ sì ń di ìhó.

Ẹ ò ráyé! Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ èyí fún o. Orúkọ ìwé náà gan-an sọ pé ìtàn fún àwọn ọmọdé ni.

Andersen kò parí rẹ̀ síbẹ̀, ó fi ìrù kan lé e. Àwọn ọmọbìnrin inú afẹ́fẹ́ gbé e sókè, wọ́n ní àwa náà ò ní ọkàn àìkú, ṣùgbọ́n tá a bá ṣe iṣẹ́ rere fún ọdún 300, a lè fi ọwọ́ ara wa wá a. Wọ́n tún ní táwọn bá wọlé kan tí wọ́n rí ọmọ rere, ọdún kan á kúrò nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá rí ọmọ burúkú, omijé kọ̀ọ̀kan tí àwọn bá sun á fi ọjọ́ kan kún un. P. L. Travers, obìnrin tó kọ Mary Poppins, bínú sí ìparí yìí gidi gan-an, ó ní ìhàlẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Èmi náà gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá àkọ́kọ́ ìparí náà, ti pé ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ọkàn, ẹ fi sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ó yá, ta ni Andersen?

Ìlú Odense ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1805. Bàbá rẹ̀ ń ṣe bàtà, ìyá rẹ̀ jẹ́ alágbàfọ̀. Bàbá kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó dá kọrí sí Copenhagen lọ́dún 1819, kó lè di olókìkí. Ohun tó gbé lọ́wọ́ jù lọ ni ohùn: ó mọ orin kọ dáadáa. Olórin ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Siboni ní kó wá, òun á kọ́ ọ. Kò pẹ́, ohùn rẹ̀ fọ́. Ó bá gba ilé ijó lọ, bóyá ẹsẹ̀ á ṣe ohun tí ohùn ò lè ṣe mọ́. Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí mò ń lọ: ẹni tó kúrò nílé, tó pàdánù ohùn, tó wá ń jó fún àwọn olówó.

Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni Jonas Collin, òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà tó tún wà lára àwọn alákòóso ilé eré ọba. Ó ṣètò kí owó ọba rán Andersen lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì sọ ọ́ di ọmọ ilé. Ọmọ ilé, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọmọ ilé yàtọ̀ sí ọmọ bíbí. Jonas ní ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edvard, ó fi ọdún mẹ́ta kéré sí Andersen. Edvard ló ń bá a tún àṣìṣe inú ìwé rẹ̀ ṣe, òun ló ń bá a bójú tó owó. Andersen sì fẹ́ràn Edvard ju bí Edvard ṣe fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun lọ.

Ohun tó mú mi ṣe ètò yìí ló kàn. Àwa Yorùbá mọ ohun tí "o" àti "ẹ" lè ṣe láàárín èèyàn méjì. Èdè Dẹ́nmárkì ìgbà yẹn náà ní tiwọn: "du" ni "o", "De" ni "ẹ". Tiwọn kì í ṣe ti ọjọ́ orí bíi tiwa. Ipò àti ìsúnmọ́ra ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì tó bá ti mọra á jókòó, wọ́n á jọ mutí, láti ọjọ́ náà lọ wọ́n á máa pera wọn ní "du". Lọ́dún 1831, Andersen wà lẹ́nu ìrìn àjò ní Jámánì, ó kọ lẹ́tà sí Edvard pé ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò lè máa pera wa ní "du" báyìí? Ó rọrùn fún un láti kọ ọ́, torí kò lè sọ ọ́ lójúkojú.

Edvard kọ̀. Ó kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìwà tútù, ìyẹn ló jẹ́ kó dunni jù. Ó ní òun ò lè ṣàlàyé rẹ̀, pé bó ṣe rí lára òun nìyẹn. Ó wá fi obìnrin kan tóun mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ: tí obìnrin náà bá ti rí bébà aláwọ̀ eérú báyìí, á máa bì. Ta ló lè ṣàlàyé irú ìyẹn?

Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù láyé, ẹ ní ẹ jẹ́ ká di "o" síra wa, ó dá yín lóhùn pé ọ̀rọ̀ náà ń ṣe òun bí èébì. "De" ni wọ́n pera wọn títí Andersen fi kú.

Andersen ò gbàgbé bébà yẹn o. Lọ́dún 1847, ó kọ ìtàn mìíràn tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Òjìji. Ọ̀mọ̀wé kan ni òjìji rẹ̀ sá lọ, ó lówó, ó padà wá bí ọ̀gá. Ọ̀mọ̀wé ní kí wọ́n máa pera wọn ní "du", òjìji kọ̀, ó ní àwọn kan wà tí wọn kì í lè fọwọ́ kan bébà aláwọ̀ eérú, á máa rìn wọ́n. Edvard á ti mọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìtàn náà máa parí, òjìji ti fẹ́ ọmọbìnrin ọba, wọ́n sì ti pa ọ̀mọ̀wé.

Ọdún 1836 ni Edvard gbé Henriette Thyberg níyàwó. Andersen kò sí níbi ìgbéyàwó náà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ìtàn ọmọbìnrin tó dúró síwájú àgọ́ ọkọ àti ìyàwó tuntun jáde.

Mi ò ní kí ẹ lọ sọ fún aráyé pé Andersen ni ọmọbìnrin inú òkun, ó tán. Ó fẹ́ràn obìnrin náà: Riborg Voigt, Louise tó jẹ́ àbúrò Edvard gan-an, Jenny Lind olórin ọmọ Sweden. Wọn ò fẹ́ ẹ, kò sì gbéyàwó títí ayé rẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí irú ìfẹ́ tó wà láàárín òun àti Edvard. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ingemann ní oṣù kejì ọdún 1837. Ìtàn kan ti wà tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Undine, tí Fouqué ará Jámánì kọ lọ́dún 1811, níbi tí ọmọbìnrin inú omi ti ní ọkàn torí pé èèyàn fẹ́ ẹ. Andersen sọ fún Ingemann pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀: òun ò fẹ́ kí ọkàn ọmọbìnrin òun dúró lórí bóyá ẹlòmíràn fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọbìnrin inú afẹ́fẹ́ fi wọlé. Lójú tèmi, ẹni tó ti dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹlòmíràn ló lè kọ irú ìparí yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fò wá sí Amẹ́ríkà.

Disney ti gbèrò láti fi ìtàn yìí ṣe fíìmù tipẹ́. Kay Nielsen, ayàwòrán ọmọ Dẹ́nmárkì, ti ya àwòrán rẹ̀ fún wọn kó tó kú lọ́dún 1957. Ẹ wo orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ níparí fíìmù 1989, ẹ máa rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1985, Ron Clements gbé èrò náà padà wá. Wọ́n kọ́kọ́ ní rárá, torí pé wọ́n ti ṣe Splash, fíìmù obìnrin ẹlẹ́ja kan, lọ́dún 1984, wọ́n sì ń gbèrò apá kejì rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí ọkàn padà. Clements àti John Musker ló darí rẹ̀. Ẹ̀ka kátúùnù Disney ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára nígbà yẹn, The Black Cauldron ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi ni. Wọ́n wá mú Howard Ashman wá láti New York, ẹni tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ orin, pẹ̀lú Alan Menken tó máa ń fi ohùn sí i. Ashman ló ní kí akàn tó ń ṣọ́ ọmọ ọba, tí wọ́n ti fẹ́ sọ di ìránṣẹ́ onígèlètè bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, máa sọ̀rọ̀ bí ará Jàmáíkà. Ìdí tí Sebastian fi ń mú wa jó nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò: "Disney ti ba ìtàn yẹn jẹ́." Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe lo ohùn. Ìwé kò jẹ́ ká gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà. A kàn gbọ́ pé ó dùn ni. Fíìmù fún Jodi Benson ní orin kan kó kọ kó tó pàdánù ohùn náà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n gbà á lọ, àwa gan-an mọ ohun tó sọ nù. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ orin yẹn kúrò! Wọ́n fi fíìmù tí kò tíì parí han àwọn ọmọdé, ara àwọn ọmọ kò balẹ̀ nígbà tó kan orin náà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, Jeffrey Katzenberg, ní kí wọ́n gé e dànù. Ashman àti àwọn yòókù bá a jà títí ó fi gbà. Fíìmù náà gba Oscar méjì, ti orin àti ti ohùn orin.

Bàbá náà tún ń kọ́? Ọba inú ìwé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá. Triton inú fíìmù ń bínú, ó ń fọ́ ẹrù ọmọ rẹ̀, ó ń kábàámọ̀, òun ló sì fún un ní ẹsẹ̀ níkẹyìn. Ìyẹn kún ìtàn náà. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò fún un ni ìyá àgbà, tó dà nù pátápátá, pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n. Àwọn ẹ̀gbọ́n inú fíìmù kọrin, wọ́n lọ. Àwọn ti inú ìwé fá irun wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń bá fíìmù náà jà ni Ursula. Mo fẹ́ràn Ursula o! Àwọn tó yà á fi ìrísí Divine, gbajúmọ̀ ọkùnrin eléré tó máa ń múra bí obìnrin, ṣe àwòkọ́ṣe, Pat Carroll sì fi ohùn rẹ̀ jẹ ayé. Ẹ wo ohun tí wíwà rẹ̀ ṣe sí ìtàn náà. Àjẹ́ inú ìwé jẹ́ oníṣòwò: ó sọ iye ọjà, ó gba owó, kò tún jáde mọ́ àyàfi nígbà tó ta ọ̀bẹ. Ursula fún Ariel ní ọjọ́ mẹ́ta àti ìwé àdéhùn, ó wá para dà di Vanessa, ó fi ohùn Ariel fúnra rẹ̀ di Eric lójú. Èyí túmọ̀ sí pé Eric kò fẹ́ràn ẹlòmíràn rí. Wọ́n sà sí i ni. Gbàrà tí ìkarahun fọ́ tí ojú rẹ̀ là, Ariel ló fẹ́. Ọ̀tá wà, wọ́n fi imú ọkọ̀ gún un, ó kú, ìgbéyàwó dé. Ọ̀bẹ inú ìwé kò sọ nù lóòótọ́, wọ́n kàn yí i kọjú sí ẹlòmíràn ni.

Nínú ìwé Andersen, ẹ ò ní rí ẹni tẹ́ ẹ máa bú. Ọmọ ọba kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyàwó rẹ̀ kò jí ẹnikẹ́ni gbé, ọmọ dáadáa ni, òun náà ló pe àwọn èèyàn létíkun lóòótọ́. Wọn ò sà sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà kàn ò fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe fẹ́ràn òun ni. Ta lẹ fẹ́ gún lọ́bẹ nítorí ìyẹn? Ìbéèrè tí ọ̀bẹ náà ń bi í nìyẹn, ó sì dá a lóhùn nígbà tó jù ú sómi.

Mo gbà pé kátúùnù lè gbé irú rẹ̀. Toei ní Jàpáànù ṣe tiwọn lọ́dún 1975, wọ́n jẹ́ kó di ìhó. Nígbà tí Miyazaki ṣe Ponyo lọ́dún 2008, ọ̀rọ̀ ìhó náà ṣì wà níbẹ̀ bí ewu tó ń lé wọn bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó parí dáadáa. Ti Disney ọdún 2023, tí Halle Bailey ṣe, ọ̀nà Ursula náà ni wọ́n tọ̀; ariwo tí àwọn kan pa lórí àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ráyè bá fíìmù náà jiyàn lórí ohun tó ṣe pàtàkì.

Ohun kan ló kù. Lásìkò tí Ashman ń ṣiṣẹ́ lórí fíìmù 1989 yẹn, ó ti ní kòkòrò HIV lára. Kò sọ fún Menken. Ó dẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n gba Oscar ní oṣù kẹta ọdún 1990 kó tó sọ fún un. Wọ́n ti ń ṣe Beauty and the Beast nígbà yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ Disney ló ń gbéra wá bá a ní New York torí àárẹ̀. Ní ìparí, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1991, ẹni ogójì ọdún ni. Wọ́n fi Beauty and the Beast sọrí rẹ̀, tẹ́ ẹ bá wò ó dé ìparí, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ kékeré kan níbẹ̀ tó sọ pé òun ló fún ọmọbìnrin inú òkun ní ohùn, tó sì fún ẹranko náà ní ọkàn. Ohùn àti ọkàn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ń ro Andersen lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti Andersen, ọdún 1875 ló kú. Lọ́dún 1882, Edvard tẹ ìwé jáde lórí òun àti rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò lè dá irú ìfẹ́ yẹn padà, àti pé ó fa ìrora púpọ̀ fún Andersen. Nígbà tí Edvard náà kú, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Andersen, wọ́n sì sin Henriette síbẹ̀ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú kan, ní itẹ́ òkú Assistens ní Copenhagen. Àwọn ẹbí Collin padà wá gbé Edvard àti ìyàwó rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń sin àwọn ará ilé wọn sí. Tẹ́ ẹ bá lọ wò ó lónìí, Andersen nìkan lẹ máa bá.

Ó dìgbà o.